Wọ́n kọ DDDR 60–130 sínú ìwé Mọ́mì mi: ẹ bá wa tú ìṣètò pacemaker

Ọmọ Olúyọ̀lé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mọ́mì mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. Ṣe ni wọ́n máa ń ṣàdédé dákú. Kí dókítà tó rí ìdí rẹ̀, ìlùkìkì ọkàn wọn ti já wálẹ̀ sí bíi 34 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ní ọ̀nà tí iná ọkàn ń gbà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ti dí pátápátá. Wọ́n wá fi pacemaker oníwáyà méjì, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná sọ fún ọkàn pé kó lù, sí wọn láyà lápá òsì. A dúpẹ́, wọn ò dákú mọ́.

Ìwé tí wọ́n fún wa lẹ́yìn àyẹ̀wò ló ń dà mí láàmú báyìí. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: Mode DDDR. Lower rate 60. Upper rate 130. AV delay 180/150. AP 12%, VP 99%. Output 3.5 V. Mo bi ẹni tó ṣe àyẹ̀wò náà, ó ní "kò séwu," ó sì pe ẹni tó kàn. Mọ́mì rí 99% yẹn, wọ́n ní a jẹ́ pé ọkàn àwọn ti kú, ẹ̀rọ nìkan ló kù. Wọn ò fẹnu kan oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èkejì: tí mọ́tò bá gba ọ̀nà tó kún fún kòtò, wọ́n á ní àyà àwọn ń sáré. Mo fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ìka wò ó lọ́jọ́ kan, mo rí 104, bẹ́ẹ̀ wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ ni o. Tí mọ́tò bá dúró, á rọra padà sílẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ náà ti ń bàjẹ́ ni?

Ará Leeds

Ẹ kú ìtọ́jú Mọ́mì. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbí nìyẹn, pacemaker ni mo ń yẹ̀ wò láràárọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn Mọ́mì ná.

VP 99% kò ní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú pé ọkàn kú. Ó kàn ń sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn lù, ẹ̀rọ ló rán iná tó sọ fún un pé "ó yá" nígbà mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Iṣan ọkàn Mọ́mì fúnra rẹ̀ ló ń fún, òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ síwájú. Ẹ̀rọ kò lè fún ẹ̀jẹ̀ rárá. Ẹni tí ọ̀nà iná ọkàn rẹ̀ dí pátápátá, iye tó yẹ ká rí nìyẹn. Tí mo bá rí 40% lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí.

AP 12% gan-an ni ìròyìn ayọ̀ inú ìwé yẹn. AP ń sọ ti yàrá òkè. Ẹ̀rọ kì í sábà ran òkè lọ́wọ́, ibi tí ọkàn ti ń pilẹ̀ ìlù rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ níbi tó pọ̀ jù lọ.

Ẹ wo bátà: ìyáàlù ń pè, omele ń dáhùn. Yàrá òkè ni ìyáàlù, yàrá ìsàlẹ̀ ni omele. Lára Mọ́mì, ìyáàlù ń lù dáadáa, àmọ́ omele ò gbọ́ ọ mọ́. Wáyà òkè ń fetí sí ìyáàlù, ẹ̀rọ á dúró díẹ̀, wáyà ìsàlẹ̀ á wá sọ fún omele pé kó dáhùn. Dídúró díẹ̀ yẹn ni AV delay. 180 jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdù, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bá lu òkè, á dúró fún 180. Nígbà tó bá jẹ́ pé ọkàn ló lu òkè fúnra rẹ̀, á dúró fún 150.

Àwọn lẹ́tà náà: ti àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí ẹ̀rọ ń lù, èkejì ń sọ ibi tó ń fetí sí, ẹ̀kẹta ń sọ ohun tó ń ṣe tó bá gbọ́ nǹkan. A ni yàrá òkè, V ni ìsàlẹ̀, D ni méjèèjì. Ní ipò kẹta, I ni pé tó bá gbọ́ ìlù ọkàn, á pa ara rẹ̀ mọ́. D ni pé ó lè pa ara rẹ̀ mọ́, ó sì lè gbọ́ ti òkè kó fi lu ti ìsàlẹ̀. Lower rate 60 ni iye tí ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ìlù kéré sí ní ìṣẹ́jú kan, upper rate 130 sì ni ibi tó ga jù tó máa tẹ̀ lé òkè dé. R tó kẹ́yìn, òun lọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn. Mo ń bọ̀ lórí ẹ̀, ẹnì kan ti wọlé sọ́dọ̀ mi.

Bàbá Ìdúmọ̀tà

Ọmọ mi, sọ fún ìyá rẹ pé kí wọ́n jẹun. Mo ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì fún mi rí. Ohun tí wọ́n ń pè ní bátìrì, gbogbo páálí ẹ̀rọ kékeré yẹn ni. Wọ́n á la ojú àpá àtijọ́, wọ́n á yọ ti àná, wọ́n á so tuntun mọ́ wáyà tó ti wà nílẹ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò ni mí lára tó ti àkọ́kọ́.

Àwọn kan wà ní àdúgbò wa tó ń sọ pé wọ́n yọ ọkàn mi, wọ́n fi ti ẹ̀rọ sí i. Mo ṣí ṣẹ́ẹ̀tì fún wọn, mo fi àpá hàn wọ́n lábẹ́ egungun èjìká. Wáyà ló gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn, ẹnikẹ́ni ò la àyà mi.

Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irú ẹ̀rọ yìí sí lára pátápátá, ará Sweden ni, Arne Larsson lórúkọ rẹ̀. Ní Stockholm ni, lọ́dún 1958. Åke Senning ló ṣe iṣẹ́ abẹ náà, Rune Elmqvist ló ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn ò lò ju wákàtí mélòó kan lọ tó fi dákẹ́. Wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ fún un, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, ó lò ju ogún lọ láyé rẹ̀. Ọdún 2001 ló tó kú, ẹni ọdún 86, àìsàn mìíràn ló sì pa á. Ó gbẹ́yìn dókítà náà àti ẹni tó ṣe ẹ̀rọ. Kí Mọ́mì gbọ́ ìyẹn.

Ará Leeds

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti padà dé.

R yẹn: nǹkan kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń mọ̀ tí ara bá ń mì. Tí èèyàn bá ń rìn kíákíá, ara rẹ̀ á máa mì, ẹ̀rọ á gbà pé ó ń ṣiṣẹ́, á sì gbé ìlù sókè. Ẹni tí ibi ìpilẹ̀ ìlù rẹ̀ ti rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ kì í yára mọ́ tó bá ń gòkè, oore ńlá ni R jẹ́ fún un. Àmọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìrìn àti kòtò. Mọ́tò ń fò sókè fò sílẹ̀, ó rò pé Mọ́mì ń rìn ni. Ọ̀kadà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún kíyè sí i pé sísọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lè gbé ìlù sókè ju gígùn ún lọ, nítorí ẹsẹ̀ máa ń balẹ̀ gìdì nígbà tí à ń sọ̀kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gígùn ló le jù. Ẹni tó bá sì ń wa kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan, àyà rẹ̀ ò mì, ẹ̀rọ lè má gbé nǹkan kan sókè.

Nítorí náà ẹ̀rọ Mọ́mì ò bàjẹ́. Ìbéèrè tí ẹ máa gbé lọ ni pé: níwọ̀n ìgbà tí AP kò ju 12% lọ, tí ọkàn wọn sì ń yára fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rìn, ṣé wọ́n nílò R náà rárá? Tí wọ́n bá pa á, tó di DDD, ìsàlẹ̀ á ṣì máa tẹ̀ lé òkè títí dé 130, torí náà wọn ò ní pàdánù nǹkan kan lẹ́nu iṣẹ́. Tàbí kí wọ́n jẹ́ kó wà, kí wọ́n kàn dín bó ṣe ń tètè gbọ́ kù. Àwòrán kan wà nínú kọ̀ǹpútà wọn tó ń fi hàn bí ìlù ọkàn ṣe pín láti 60 lọ sókè, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa rí i. Ẹni tó ń yẹ ẹ̀rọ wò ló máa pinnu. Kí Mọ́mì ṣáà sọ fún un pé inú mọ́tò ló ń ṣe wọ́n, nítorí "àyà mi ń sáré" nìkan kò tó fún un láti mọ ibi tó máa wò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀gbọ́n Leeds, ṣé kò ní dáa kí wọ́n já 60 yẹn sí 50 kí bátìrì lè pẹ́? Dádì tèmi náà ní i, owó ẹ̀rọ tuntun kì í ṣe kékeré, àpò ara wa la ti san ti àkọ́kọ́.

Ará Leeds

Àbúrò, ti Mọ́mì yìí, kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọkàn wọn ló ń sọ iye tí òkè ń lù, ẹ̀rọ kàn ń tẹ̀ lé e ni. Bí ẹ bá kọ 50, tí òkè ń lu 72, ìgbà 72 náà ni ẹ̀rọ máa lu ìsàlẹ̀.

Ibi tí bátìrì ń gbà lọ ni output, ìyẹn agbára iná tí ẹ̀rọ ń rán sí ọkàn, 3.5 V (fólítì) tó wà nínú ìwé yẹn. Nígbà tí wáyà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, orí rẹ̀ máa ń dá ọgbẹ́ díẹ̀ síbi tó fi kan ọkàn, agbára tí ọkàn nílò kó tó dáhùn sì lè ga sí i fún ìgbà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé e sókè níbẹ̀rẹ̀. Tó bá ti tó bí oṣù mẹ́ta, a máa ń wọn agbára tó kéré jù tí ọkàn ṣì ń dáhùn sí. Ká ní ó jẹ́ 0.75 V, a ò ní jókòó sórí 3.5 mọ́. Ó kéré tán ìlọ́po méjì ohun tí a bá rí la máa ń fi sílẹ̀ kí ààbò lè wà. Agbára tí ìlù kan ń jẹ ń tẹ̀ lé fólítì ní ìlọ́po ara rẹ̀: tí fólítì bá di ìdajì, ìlù kan á máa jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin péré. Tí Dádì yín ò bá tíì lọ fún àyẹ̀wò láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n lè ṣì wà lórí fólítì ọjọ́ àkọ́kọ́, kí bátìrì sì máa lọ lófo. Owó àyẹ̀wò kan ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ̀rọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi falẹ̀.

Ìyá Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi oníwáyà kan ni tèmi, VVI 70 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Òun ni apá wa ká. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi sí i, mi ò dákú mọ́, àmọ́ ọrùn mi máa ń lù kì, kì, kì, bíi pé nǹkan fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun jáde, òòyì á kọ́ mi, á wá rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Dókítà kan ní ìrònú ni, pé kí n fọkàn balẹ̀. Mo ti fọkàn balẹ̀ títí, kò lọ.

Ará Leeds

Mọ́mì, ẹ kú ìfaradà. Mi ò lè rí yín láti ibí, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí, ó ní orúkọ nínú ìwé wa, pacemaker syndrome. Kì í ṣe ìrònú.

VVI ń fetí sí ìsàlẹ̀ nìkan, ìsàlẹ̀ nìkan ló ń lù. Kò mọ̀ bóyá yàrá òkè wà láyé. Tí òkè yín bá ṣì ń lù fúnra rẹ̀, ìgbà á wà tí òkè fẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lákòókò tí ìsàlẹ̀ ti fún, tí ilẹ̀kùn àárín wọn ti pa. Ẹ̀jẹ̀ á padà sẹ́yìn sí ọrùn, ìyẹn ni kì, kì, kì yẹn. Ìfúnpá yín lè já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òòyì dé nìyẹn.

Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wọn ìfúnpá yín nígbà tí ẹ̀rọ ń lù àti nígbà tí ọkàn yín ń lù fúnra rẹ̀, kí wọ́n fi wéra. Tó bá jẹ́ pé ọkàn yín ṣì ń lu bíi 60 fúnra rẹ̀ nígbà púpọ̀, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè já 70 yẹn wálẹ̀, kí ẹ̀rọ lè máa dákẹ́ fún ọkàn yín. Ìyẹn ò ná yín ju owó àyẹ̀wò lọ. Tí kò bá ṣeé ṣe, wáyà kejì ló kù, àti ẹ̀rọ tó máa gba méjèèjì.

Kí ẹlòmíì tó wà lórí VVI má ṣe tìtorí èyí bẹ̀rù o. Ẹni tí yàrá òkè rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì nígbà gbogbo, tí kò lu ìlù gidi mọ́, wáyà òkè ò wúlò fún un. VVI tàbí VVIR ló tọ́ sí i.

Kóòṣì Èkìtì

Tèmi yàtọ̀ sí ti àwọn àgbà wọ̀nyí. Mi ò tíì pé àádọ́ta, mo ṣì ń bá àwọn ọmọ sáré lórí pápá. Ọ̀nà iná ọkàn tèmi náà ló dí. Lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí i, tí mo bá sáré dé ibì kan, bíi pé ẹnì kan pa iná ni: ẹsẹ̀ á wúwo lójijì, ojú á ṣú, mo ní láti dúró. Mo ṣe ẹ́kò ọkàn (àyẹ̀wò tó ń fi àwòrán ọkàn hàn), kò sí nǹkan kan. Upper rate 120 ni wọ́n kọ fún mi. Ọkàn mi fúnra rẹ̀ ń lọ sí 150 tí mo bá sáré, ẹ̀rọ ò sì gbọdọ̀ tẹ̀ lé e kọjá 120. Tí òkè bá ti yára kọjá ibì kan, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ̀kan, á fo ọ̀kan. Òkè lu 150, ìsàlẹ̀ já sí 75 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Wọ́n gbé mi sórí ẹ̀rọ ìsáré níwájú kọ̀ǹpútà wọn, a sì rí i lójúkojú. Wọ́n sún un sókè sí 160, wọ́n dín àkókò tí ẹ̀rọ fi ń di etí sí òkè kù. Mo ti padà sórí pápá. Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń sáré. Tí wọn ò bá mọ̀, ìṣètò àgbàlagbà ni wọ́n máa fi sílẹ̀ fún yín.

Ọmọ Olúyọ̀lé

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún Mọ́mì. Nígbà tí mo dé ibi Arne Larsson, wọ́n ní kí n tún un kà. Ìbéèrè wọn rèé: ṣé wọ́n lè gúnyán? Ṣé jẹnẹrétọ̀ ò ní pa ẹ̀rọ náà? Wọ́n tún ní kí n bi yín, èyí wúwo lẹ́nu mi díẹ̀: tí àsìkò bá tó, ṣé ẹ̀rọ yìí ò ní jẹ́ kí wọ́n lè sùn?

Ará Leeds

Ẹ bá mi kí Mọ́mì. Á jẹ́ kí wọ́n sùn. Tí ara bá ti fẹ́ lọ, iṣan ọkàn kì í dáhùn sí iná mọ́. Ẹ̀rọ á máa rán an, kò sí ẹni tó máa jẹ́ ẹ. Kì í dá ikú dúró, kì í sì í fa ìrora fún ẹni tó ń lọ.

Iyán: fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà àkọ́kọ́, kí ọwọ́ òsì má ga ju èjìká lọ, kí wọ́n má gbé ohun tó wúwo. Kò sí wíwé gèlè fúnra wọn, kò sí gbígbé garawa sórí, kò sí pípọn ọmọ-ọmọ. Àmọ́ kí wọ́n máa mi èjìká díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ kó má baà gan. Lẹ́yìn ìgbà náà, ohun tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ilé ò léwu. Gígún iyán fún gbogbo ẹbí lójoojúmọ́ ni mi ò fẹ́, nítorí wáyà gba àárín egungun èjìká àti ìhà kọjá, kíkọlù léraléra lè jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ò ṣe nǹkan kan tí wọ́n bá jìnnà sí i. Kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ lé e lórí nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹlòmíì ni kó máa tàn án. Fóònù ló kàn wọ́n jù: mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa máa ń fi í sínú kọ́mú. Ó gbọdọ̀ jìnnà sí ẹ̀rọ tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí wọ́n fi etí ọ̀tún gbọ́ ọ. Mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú fóònù àti nínú gbohùngbohùn. Tí mágínẹ́ẹ̀tì tó lágbára bá sún mọ́ pacemaker, ẹ̀rọ á dẹ́kun fífetí sí ọkàn, á máa lù ní ìwọ̀n kan ṣoṣo títí wọ́n á fi gbé e kúrò.

Wẹ́dà Mọ́ṣálásí

Ẹ̀gbọ́n, èmi ń jó irin o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n fi ẹ̀rọ sí, iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe.

Ará Leeds

Kó má tíì padà sídìí iná títí dókítà rẹ̀ á fi fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá gbà fún un, ó kéré tán kí sẹ̀ǹtímítà 60 wà láàárín ibi tó ń jó àti àyà rẹ̀, kó má gbé wáyà ẹ̀rọ ìjórin lé èjìká, kó má ṣe é nínú omi. Tí òòyì bá kọ́ ọ, kó ju ohun tó fi ń jó irin sílẹ̀ kó kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò ní ìlù tirẹ̀ rárá lábẹ́ ẹ̀rọ, èmi á rọ̀ ọ́ pé kó gbé iṣẹ́ náà fún ọmọṣẹ́.

Bàbá Ìdúmọ̀tà

Kí n fi kan kún un. Nílé wa níbí, òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí, bélítì mọ́tò á wá gba orí èjìká òsì gan-an. Mo máa ń ká táwẹ́ẹ̀lì kékeré sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má tìtorí pé ó ń ro yín kí ẹ má wọ̀ ọ́.

Ọmọ Olúyọ̀lé

Mo mú ìròyìn dé. A ti lọ. Mọ́mì fúnra wọn ló sọ fún ọmọbìnrin tó ń yẹ ẹ̀rọ wò pé "tí mọ́tò bá wọ kòtò ni." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó yí kọ̀ǹpútà sí wa, ó fi àwòrán ìlù hàn wá. Ó ní kí Mọ́mì rìn lọ sí òpin kọ́ríńdọ̀ kí wọ́n sì padà, ọkàn wọn fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí 96. Ó bá pa R. DDD 60–130 ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó wọn agbára tí ọkàn nílò, ó rí 0.5 V, ó já output sí 2.0. Ọdún tí ẹ̀rọ ń sọ pé ó kù fún bátìrì sì gùn sí i lójú wa níbẹ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀, a gba ọ̀nà kan náà, ìka Mọ́mì wà nínú ẹ̀rọ: 78, 80, 77.

Ará Leeds

Inú mi dùn púpọ̀! Ẹ ya fọ́tò ìwé tuntun náà sínú fóònù, ẹ má sì ju ti àtijọ́ nù. Kí Mọ́mì máa mú káàdì ẹ̀rọ wọn rìn, nítorí tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe MRI (àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ńlá yà) fún wọn lọ́jọ́ kan, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀rọ àti irú wáyà tó wà lára wọn. Kí wọ́n má sì dáwọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró, pacemaker kì í ṣiṣẹ́ ìyẹn.

Nítorí 99% náà, ẹ bi dókítà nípa ẹ́kò ọkàn látìgbàdégbà. Lára àwọn kan tí ẹ̀rọ ń lu ìsàlẹ̀ wọn nígbà gbogbo, ọkàn lè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn, àmọ́ tí wọ́n bá tètè rí i, ọ̀nà mìíràn wà láti gbé wáyà gbà. Tí ẹsẹ̀ bá wú, tí wọn ò bá lè sùn gbalaja mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ojú àpá bá pọ́n tàbí tó ń ṣe omi.

Ìyá Àgọ́-Ìwòyè

Èmi náà ti gba ọjọ́. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé: kí wọ́n wọn ìfúnpá mi lọ́nà méjèèjì, kí wọ́n wo bóyá 70 yẹn ṣeé já wálẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló máa tẹ̀ lé mi lọ, òun ló máa mú ìwé náà dání.